Ohùn Jibril Télọ̀ Nínú Aago Ìyá Àtọ́kẹ́

Matilda ò jókòó nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù Mubarakah. Ó gbé aago náà kalẹ̀ lórí tábìlì, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́ méjèèjì, ó sì ń sún sẹ́yìn títí ó fi fara ti ẹnu ọ̀nà.

"Gbà á, ẹnjiníà. Bàbá ẹ ò jẹ́ ká sinmi."

Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, ó kọjú sí ráńdábáòtù Ìkòtún, ariwo àwọn kọ̀ndọ́ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mubarakah wo aago náà lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀ ọ́n. Òun ló ṣe é. Aago tó ń sọ̀rọ̀ ni, irú èyí tí àwọn afọ́jú àti àgbàlagbà ń lò. Bí wákàtí bá ti pé, á sọ ọ́ jáde láti inú sípíkà kékeré kan pé aago kan ti lù, aago méjì ti lù. Ó ti ṣe irú rẹ̀ bí àádọ́ta láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n wà káàkiri Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ló wà nínú gbogbo wọn, àfi ẹyọ kan yìí. Èyí ni àkọ́kọ́. Ohùn bàbá rẹ̀, Jibril télọ̀, ló wà nínú rẹ̀, Jibril sì ti kú láti ọdún mẹ́ta náà.

"Kí ló ṣe é, Àǹtí Matilda?"

"Kí ló ṣe é kẹ̀? Òkú ọkùnrin ń bi ẹni tí ò sí nílé bóyá ó ti jẹun. Lójoojúmọ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sọ́dọ̀ Màmá ní Egan, mo rò pé wọ́n gba àlejò ni. Mo gbé omi wọlé fún àlejò. Màmá nìkan ni mo bá níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Ó lè jẹ́ bátìrì ló ti ń kú."

"Bátìrì ló mọ orúkọ ẹ? Mubarakah ló pè. Mo ti gbàdúrà sí i. Mo ti wọ́n omi àdúrà sí i lẹ́ẹ̀mejì."

"Omi yẹn gan-an ló máa ba sípíkà ẹ̀ jẹ́."

Matilda ò rẹ́rìn-ín. Sùtáná funfun ló wọ̀, àfi bíi pé láti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń bọ̀ tààrà. "Màmá ò gbà kí n sọ ọ́ nù," ó ní. "Wọ́n ní tiyín ni, kí n gbé e fún ẹ. Ṣá bá mi pa ẹnu ọkùnrin yẹn dé, kó o fi ohùn míì sí i. Mò ń dúró."

Mubarakah kì í ṣe ẹni tó ń tètè gba nǹkan gbọ́. Tí wọ́n bá sọ fún un pé ilé kan ń jóná fúnra rẹ̀, á bi wọ́n pé irú wáyà wo ni wọ́n fà síbẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ló kà nílé ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀rọ ló sì ń tú tó ń tò láti ìgbà náà. Ó tẹ bọ́tìnì ẹ̀yìn aago náà títí tó fi dé aago mẹ́rin.

"Aago mẹ́rin ti lù," ni ohùn Jibril wí. Ó dákẹ́. Nǹkan kan ha ilẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá fa àga. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà sún mọ́ tòsí, ó sì rẹlẹ̀. "Mubarakah, ṣé o ti jẹun?"

Ọwọ́ rẹ̀ ti bo sípíkà náà kó tó mọ̀ pé òun gbé e.

Ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó rántí. Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀ nínú yàrá bàbá rẹ̀, orí fóònù ni. Jibril ti kọ̀ pé òun ò ní máa bẹ̀rẹ̀ kí òun tún máa dúró bíi máṣíìnì tí òwú ń já nínú ẹ̀. Ó ka aago kan dé aago méjìlá láìjẹ́ kí Mubarakah pa fóònù, ó sì ń bá a tàkúrọ̀sọ láàárín wákàtí kan sí èkejì. Mubarakah kó gbogbo rẹ̀ sínú aago bẹ́ẹ̀, ó wá ṣe àmì sí ibi tí wákàtí kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì mọ iṣẹ́ náà dáadáa nígbà yẹn. Ó fi àmì òpin sí ibi tó jìnnà jù, ohùn náà wá ń ré kọjá wọ inú tàkúrọ̀sọ. Àṣìṣe òun ni. Kò sí iwin kankan nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èrò kan tẹ̀ lé ìyẹn. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí bàbá rẹ̀ ka aago mẹ́sàn-án tán, jẹnẹrétọ̀ fẹ́ kú, Mubarakah jáde lọ bu epo sí i. Ó fi fóònù sílẹ̀ tó ń gba ohùn lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà wọlé. Kí ni Jibril sọ ní yàrá náà nígbà tó ku òun nìkan? Ojú oorun ló kú sí, kò sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére kankan fún ẹnikẹ́ni. Tí ó bá sọ ohunkóhun rárá tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́, ibẹ̀ ló wà.

Kò lè gbọ́ ọ lójú Matilda. Ó sì ní i nínú kọ̀ǹpútà, ó máa fi íápíìsì gbọ́ ọ tó bá dá wà. Nítorí náà ó so aago náà mọ́ kọ̀ǹpútà, ó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, torí pé irú aago bẹ́ẹ̀ kì í gba tuntun àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ nù ún mọ́, ó sì fi ohùn tirẹ̀ dípò.

Matilda gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. "Ó dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá gbé e wá, wàá sì gbé e kọ́ fúnra ẹ. Ìyànà Ìpájà ni mò ń lọ báyìí, mi ò lè máa gbé nǹkan yìí kiri."

Bí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kúrò lórí àtẹ̀gùn, Mubarakah ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ti já fóònù tí wọ́n fi gba ohùn náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Fáìlì kan ṣoṣo ló kù, ohun.o lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe fáìlì tí èèyàn kàn lè tẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ti lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ètò tó ń darí aago, ó ti di yàrá-yàrá nínú, ohùn wà ní yàrá kan, àwọn àmì wà ní òmíràn. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń da irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kọ, tí wọ́n sì fi ń yí i padà, ni wọ́n ń pè ní objcopy. Kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnì, ojú dúdú kan ni wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún un. Tí o bá fi j kékeré ṣáájú orúkọ yàrá, yàrá yẹn nìkan ni yóò mú jáde. Tí o bá fi R ńlá ṣáájú rẹ̀, yàrá yẹn ni yóò jù nù, á sì mú ìyókù. Tí o kò bá fún ẹ̀dà tuntun lórúkọ, kò ní bi ọ́ léèrè ohunkóhun, orí ti àtijọ́ ni yóò kọ ọ́ lé.

Nígbàkigbà tí oníbàárà bá fẹ́ ohùn mìíràn, Mubarakah máa ń ju yàrá ohùn àtijọ́ nù, kì í sì í fi orúkọ tuntun ṣòfò. Kì í tẹ àṣẹ náà látìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Á tẹ ọfà tó ń lọ sókè, àṣẹ tó lò gbẹ̀yìn á padà wá, á yí orúkọ fáìlì padà, á tẹ bọ́tìnì ìparí. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà náà ju ojú rẹ̀ lọ.

Ó ki íápíìsì bọ etí. Ó tẹ ọfà. Ó yí orúkọ padà sí ohun.o. Ó tẹ ìparí.

Kò sí ohun tó jáde lójú kọ̀ǹpútà. Objcopy kì í fọhùn tí iṣẹ́ bá ti yọrí. Mubarakah wá fáìlì ohùn tó yẹ kó jáde, kò rí i. Ó wo ohun.o. Orúkọ náà ṣì wà níbẹ̀, ọjọ́ òní àti wákàtí yìí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n fa ìfun rẹ̀ jáde. Ìgbà yẹn ló tó padà ka àṣẹ tó tẹ̀, ó sì rí R.

Ó fi ìyókù ọjọ́ náà àti odindi ọjọ́ kejì wá gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi ń jí fáìlì padà. Ayọ̀, tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì, wá bá a wò ó.

"Ẹ̀dà ẹ̀ ńkọ́?"

"Aago yẹn ni ẹ̀dà ẹ̀."

"Aago wá dà?"

"Mo ti nù ún."

Ayọ̀ wò ó títí. "Ìwọ tó o máa ń bú wa pé a kì í ní ẹ̀dà." Lẹ́yìn náà ló rí ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó sì jáde.

Ọjọ́bọ̀ ló gbé aago náà dé Egan. Ìyá Àtọ́kẹ́, Màmá tí Matilda ń wí, jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ojú rẹ̀ ti fọ́ kí Mubarakah tó mọ̀ ọ́n. Sùtáná mẹ́ta kọ́ sára ìṣó, Jibril ló rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ kò sí ẹni tó mọ sùtáná rán tó o ní gbogbo àdúgbò náà.

"Ọmọ télọ̀," ni ìyá náà wí kí Mubarakah tó kí i. "O pẹ́."

"Ẹ má bínú, Màmá. Iṣẹ́ ló pọ̀."

Ó gbé aago náà sórí àpótí, ó ń wá ìṣó nínú àpò. Bó ṣe ń wá a lọ́wọ́ ni wákàtí pé. "Aago mẹ́rin ti lù," ni ohùn òun fúnra rẹ̀ wí, ó sì dákẹ́ bó ṣe yẹ.

Ìyá Àtọ́kẹ́ gbé ojú sókè. Ó dúró, kò pẹ́ jù, kò yá jù. Ó fi gìgísẹ̀ rẹ̀ ha ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ orí síwájú, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mubarakah, ṣé o ti jẹun?"

Ìṣó bọ́ lọ́wọ́ Mubarakah. Kì í ṣe pé ìyá náà sín Jibril jẹ. Ohùn obìnrin àgbà ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, ibi tí èémí ti wọlé, àti àga tí wọ́n fà, kò sí ọ̀kan tó yẹ̀.

"Màmá, kí lẹ sọ yẹn?"

"Ti aago mẹ́rin ni. Ìwọ ti gba ipò bàbá ẹ nínú aago, ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ sọ ọ́."

"Mélòó lẹ mọ̀ nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Aago méjì ò ní nǹkan kan. Ní aago mẹ́fà, ó wúkọ́. Ní mọ́kànlá, ó ní kó o bá òun bu omi. Ọdún mẹ́ta, ọmọ télọ̀. Kí ni mo tún ní í ṣe nínú yàrá yìí?"

Mubarakah kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Aago mẹ́sàn-án ńkọ́?"

Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí eékún rẹ̀. "Ti mẹ́sàn-án, aago mẹ́sàn-án ni mo ń sọ ọ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti pa á rẹ́. Kò sí níbòmíì mọ́."

"Mo gbọ́. Wá láàárọ̀."

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ Jímọ̀ ti bá a níbẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé e bọ̀, ó ti ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Obìnrin àgbà tó ń dá jókòó nínú òkùnkùn lè ti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n òun náà ti gbọ́ ti aago mẹ́rin láti ẹnu aago fúnra rẹ̀ kó tó nù ún, Ìyá Àtọ́kẹ́ kò sì fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, kò yọ ọ̀kan kúrò.

Matilda ti lọ sọ́jà. Oòrùn wọ yàrá náà dé ìdí ibùsùn.

"Aago mẹ́sàn-án ti lù," ni aago náà wí.

Ìyá Àtọ́kẹ́ tún dúró. Èyí pẹ́. Mubarakah ń gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé nínú ìdákẹ́ yẹn, òun wà níta, òun ń ṣí kẹ́ẹ̀gì epo. Ìyá náà yí ojú sí ẹnu ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀.

"Ta ni yẹn?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà tó tó kí ẹlòmíràn fi dáhùn.

"Ẹ̀yin ni."

Ó tún dákẹ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń bẹ àgbà.

"Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí parí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí eékún. "Ó parí. Aago mẹ́wàá ló kàn."

Mubarakah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yàrá bàbá rẹ̀ ní, orí àtẹ̀gùn ilẹ̀kùn náà gan-an ni jẹnẹrétọ̀ wà. Òun ti kúnlẹ̀ síbẹ̀, òun dí ọ̀nà pátápátá. Kò sí ẹni tó kọjá. Fèrèsé kọjú sí ògiri ilé kejì, àlàfo àárín wọn ò gba èèyàn. Fóònù ń gba ohùn lọ́wọ́, kò lè jẹ́ ìpè. Àwọn àgbàlagbà máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ ìyẹn. Ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó tú u ká, ó tún un tò, kò sí èyí tó wọ ibi tó yẹ.

"Ẹni tó wọlé yẹn, ṣé ó dáhùn?"

"Aago ò gbé tiẹ̀ wá. Bàbá ẹ nìkan ni mo gbọ́."

Ìyá náà yí ojú sí ìhà ibi tí aago náà wà. "Ṣé o rántí ọjọ́ tí ẹ wá gbé e kọ́?"

Mubarakah rántí. Ọjọ́bọ̀ ni. Jibril bá a wá, ó di àga mú fún un. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó kírun àsùbáà, wọ́n jí i, kò jí.

"O sọ̀ kalẹ̀ lórí àga," ni Ìyá Àtọ́kẹ́ wí, "o gbọn ọwọ́, o ní, 'Màmá, iṣẹ́ ti parí.' Bàbá ẹ wà lẹ́yìn ẹ. Kò sọ nǹkan kan. Mo ṣáà gbọ́ bó ṣe mí."

Aago náà ṣì wà lórí àpótí. Ìṣó kan ṣoṣo ló kù tí Mubarakah máa gbá mọ́ ògiri. Hámà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ìgbà tó mú un. Ó wò ó. Ó rọra dá a padà sínú àpò, ó fi ìṣó tẹ̀ lé e, ó sì pa àpò náà dé.

"Màmá, iṣẹ́ yìí ò tíì parí," ó ní. "Mà á padà wá."

"Nígbà wo?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Ìyá Àtọ́kẹ́ mi orí. Ó yí ojú rẹ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà tí kò sẹ́ni kankan níbẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Mà á sọ fún wọn."