Pàǹtí Àgbo Nínú Ìfun Adéyanjú

— Àlọ́ o!
— Àlọ̀ o!
— Àlọ́ mi fò ó fò, kò bà lé ìjàpá, kò bà lé ọ̀kẹ́rẹ́. Àbúrò mi Adéyanjú ló bà lé.

Lọ́dún 1999, ọdún tí ológun gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́, ni Adéyanjú wá sí Port Harcourt. Ó ta bẹ́líìtì ní D-Line kó tó ra kẹ̀kẹ́ akérò tó ń ná Choba sí Alakahia. Kì í sáré. Baba Gently làwọn ọmọ yunifásítì ń pè é.

Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀.

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni," ni mo wí. "Orí ìjókòó gbígbóná lo ń wà látàárọ̀, o tún ń mu kóòkì."

Èmi fúnra mi ni mo se àgbo fún un. Oṣù mẹ́rin ló fi mu ún, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ibiere ìyàwó rẹ̀ fárígá.

"Mama, your agbo don do! Na hospital we dey go."

Ní ọsibítù, wọ́n ní kó má jẹun, kó mu omi àti oògùn tó ń fọ ìfun nìkan. Ó mu ún tán, ó tún fi ife àgbo mi kan lé e. Ó ní ṣebí omi ni àgbo náà.

Dókítà Tamunotonye wá ti okùn gígùn kan, tó ní iná àti kámẹ́rà lórí, gba ìdí rẹ̀ wọlé.

— Granny! Gba ìdí?
— Gba ìdí ni. Ẹ rín in tán, kí n máa bá a lọ.

Adéyanjú ò sùn. Òun náà ń wo inú ara rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Bí dókítà ti ń fa okùn náà bọ̀, ẹ̀rọ kan tó ń bá dókítà wo àwòrán náà fi ìlà aláwọ̀ ewé yí ibi dúdú kan ká, ó dún pín-ín.

"Na dirty," ni dókítà wí, torí Adéyanjú ti jẹ́wọ́ fún un pé òun mu àgbo. Ó ní ẹ̀rọ náà máa ń yí pàǹtí lásán ká nígbà mìíràn.

Ìlà náà ò kúrò.

"Doctor, abeg, wash am make we see," ni Adéyanjú wí.

"Oga, na you drink root, na you still dey command me?"

Síbẹ̀, ó fín omi sí i. Pàǹtí àgbo mi ṣàn lọ. Ẹran kékeré kan bí ẹ̀wà ló kù, tó lẹ̀ mọ́ ara ìfun.

— Granny, na AI be dat!
— Bẹ́ẹ̀ ni dókítà ṣe pè é. Àwòrán ìfun ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò lọ́wọ́. Dókítà ló gé ẹran náà.

Wọ́n gbé ẹran náà lọ yẹ̀ wò bóyá jẹjẹrẹ ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi dúró. Ṣé kì í ṣe èmi ni mo fi àgbo fàyè gba jẹjẹrẹ?

Lọ́jọ́ kẹwàá, Ibiere pè mí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín: "Mama, e never turn cancer! Dem don comot am finish!"

Dókítà ní ká ní ó pẹ́ sí i ni, jẹjẹrẹ ni ì bá dà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo mí kanlẹ̀.

Nígbà tí Adéyanjú dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àgbo yín dára o. Ẹ máa fi fọ ẹsẹ̀."

Mo gbá a létí jẹ́jẹ́, mo dì mọ́ ọn.

Ó tó báyìí. Tóbi, tú nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kí gbogbo yín lọ tọ̀, kẹ́ ẹ sùn.