Sìmẹ́ǹtì Ẹ̀yìnkùlé Ilé Fáṣínà

Lọ́dún 1994, yàrá tí mo háyà ní agboolé Fáṣínà ní Ilé-Ifẹ̀ fara kan ti Ìyábọ̀dé, opó àbúrò onílé. Kò sí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ilé ọkọ yẹn ju adìẹ àgíríìkì ọgbọ̀n tó ń sìn lẹ́yìnkùlé. Ó ti sọ fún mi pé bí wọ́n bá lè pọ̀ tó ọgọ́rùn-ún, òun á kó wọn, òun á kó àwọn ọmọbìnrin òun méjèèjì, ó di ilé bàbá òun ní Ìpetumodù. Ṣùgbọ́n bí òjò ti bẹ̀rẹ̀, dípò kí wọ́n pọ̀ sí i, ńṣe ni wọ́n ń kú.

Ilẹ̀ ló ń pa wọ́n. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán ni wọ́n ń sùn sí, omi òjò sì ń gba abẹ́ ògiri wọlé. Ìyábọ̀dé da iyanrìn sí i, iyanrìn mu omi. Ó da èèpo ìrẹsì sí i, ó bu láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èérún pákó tí káfíńtà ń fá tó sì ń gbá dà nù ló dára jù, torí ó fúyẹ́, ó sì ń fa omi ìgbẹ́ wọn mu, àmọ́ kí ni èérún pákó fẹ́ ṣe lórí ẹrẹ̀? Ọkùnrin àgíríìkì kan tó wá wò wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn. Ó ní kó da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ná kó tó da ohunkóhun lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ku ẹyọ kan.

Ìyábọ̀dé lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Fáṣínà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, olórí ẹbí. Bàbá ní adìẹ sínsìn ò burú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ da sìmẹ́ǹtì. Ó ní ẹni tó bá da sìmẹ́ǹtì sórí ilẹ̀ ẹbí ti ń wá bí yóò ṣe gbà á nìyẹn, ìyàwó ilé sì ni Ìyábọ̀dé, kì í ṣe ọmọ ilé. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Ta ló fẹ́ gba ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ? Ṣùgbọ́n ayálégbé ni mí, mo pa ẹnu mi mọ́.

Adìẹ ku mọ́kànlélógún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó ku mẹ́tàdínlógún. Obìnrin náà ò jẹun dáadáa mọ́. Ó sọ fún mi pé bí òun ṣe ń wò wọ́n nínú ẹrẹ̀ yẹn, ara òun lòun ń wò.

Láàárọ̀ Sátidé kan, mo gbọ́ ìró òòlù lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo jáde, lórí oórì ọkọ rẹ̀ ni mo ti bá a. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Akínkúnlé sí, ẹbí fúnra wọn ló sì da sìmẹ́ǹtì lé e, ó nípọn, ó ga sókè ju ilẹ̀ lọ, omi ò lè dé ibẹ̀. Ìyábọ̀dé ti da èérún pákó sí i, ó nípọn dáadáa, ó ti na nẹ́ẹ̀tì yí i ká, ó sì ti fi páànù bò ó. Àwọn adìẹ ń tú u kiri, ara wọn yá. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rù ò bà á. Ó ní Akínkúnlé ló ra àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn, kò lè bínú sí wọn.

Lọ́sàn-án, Bàbá Fáṣínà wá síbẹ̀. Ó dúró, ó wò ó pẹ́. Ìyábọ̀dé kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

"Bàbá, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo da sìmẹ́ǹtì yìí."

Díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ó ti mú un. Àmọ́ Bàbá ò bínú rárá, ó rẹ́rìn-ín ni.

"O gbọ́n, ìyàwó. Jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà lórí oórì àbúrò mi, ti ẹbí ni. Ọjọ́ tó o bá ń relé bàbá rẹ, ìwọ nìkan lò ń lọ."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó kó ẹyin mẹ́fà sínú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ìyábọ̀dé ò lè dá wọn padà sínú ẹrẹ̀, kò sì lè kó wọn lọ. Adìẹ kan ò kú mọ́ lọ́dún náà. Wọ́n ń yé gan-an, àràárọ̀ ni Bàbá sì ń rán èèyàn wá kó ẹyin láti iwájú ilé pẹ̀lú abọ́.