Ọmọ-ọmọ ìyálé mi ni wọ́n pè ní olóye

Mò ń jowú, mi ò ní purọ́.

Wọ́n dán ọpọlọ àwọn ọmọ wò ní iléèwé lónìí. Wọ́n mú ọmọ-ọmọ ìyálé mi sí kíláàsì àwọn olóye, wọn ò mú ọmọ-ọmọ tèmi.

Ìyálé mi dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, gbogbo agboolé ń gbọ́: "Ìyàwó, o ò kí mi kú oríire?"

Mo pe ọmọ-ọmọ tèmi. "Ṣé o ò mọ ìdáhùn ni?"

"Mo mọ gbogbo ẹ̀, Ìyá Àgbà. Èmi àti ọmọ-ọmọ ìyálé yín ni wọ́n jọ ń bi ní ìbéèrè. Òun ni ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ sì ní kí n má sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹ̀gbọ́n mi."



Ṣé ọpọlọ ni wọ́n wọ̀n ni, àbí ìyára ẹnu? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ má dúró de ẹ̀gbọ́n yín.