Kọ̀ǹpútà Ọlọ́pọlọ Méjì Tí Bàbá Wa Tò ní Fìdítì

Nígbà tí èmi àti èkejì mi wà ní kékeré ní Fìdítì, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé, òun náà kò sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí àkókò tí mò ń wí: ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, tí èèyàn á máa gun orí àpáta kiri láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí àwa ọmọdé á máa fò súwè níwájú ilé títí ìyá ẹni á fi yọ igi ìdáná síni. Kẹ́hìndé ni mí, obìnrin. Táyé, obìnrin bíi tèmi, ni èkejì mi. Ojú kan náà, ohùn kan náà. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni eyín iwájú wa ká. Ẹ sì mọ̀ ọ́n pé èmi tí mo kẹ́yìn dé ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo rán Táyé kó kọ́kọ́ lọ tọ́ ayé wò. Mi ò fi ipò yẹn ṣeré rárá. Bí omi bá tán nínú àmù, Táyé ni màá rán. Bí ìyá wa bá se ọbẹ̀, Táyé ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bóyá ata rẹ̀ pọ̀ jù. Á kùn, ṣùgbọ́n á lọ.

Ohun kan wà tí mo ṣe nígbà náà, tí mo fi pamọ́ fún bàbá mi fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Orí kọ̀ǹpútà yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà físíìsì ni bàbá wa, wọ́n sì tún jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Wọn kì í ju nǹkan nù. Abẹ́ ibùsùn wọn kún fún rédíò tí kò sọ̀rọ̀ àti áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná. Nígbà tí ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn ń kó àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ̀ dànù, ọ̀rẹ́ wọn kan ní kí wọ́n wá mú ọ̀kan. Inú búùtù mọ́tò èrò ni wọ́n gbé e sí wálé, ó wúwo tó àpò gaàrí. Ìyá wa wò ó, wọ́n pòṣé, wọ́n ní, "Ẹ tún ti gbé òkú míì wọlé wá bá wa."

Àwa méjèèjì ni wọ́n pè láti bá wọn tú u. Ìtẹ́ eku ló kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú òórùn ìtọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà eruku tó mú wa sín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ohun dúdú méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n kì wọ́n bọ ihò gígùn kọ̀ọ̀kan. Bàbá wa ní ọpọlọ ẹ̀rọ náà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà yòókù, ọpọlọ kan ni wọ́n ní. Èyí ní méjì, wọ́n sì jọ ń pín iṣẹ́ ṣe. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Táyé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀kan ti di ọpọlọ Táyé, tí èkejì di tèmi.

Ó gbà wá ní odidi ìgbà òjò kan. Tí a bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí a jẹun tán, tí a fọ abọ́, a ó jókòó sórí ẹní ní yàrá wọn. Rọ́bà tí a fi ń pa ìwé rẹ́ ni a fi ń nu eyín idẹ àwọn ọpọlọ náà títí wọ́n á fi máa dán. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà ni a fi ń gbá eruku. Àwọn fáànù kéékèèké tó ń fẹ́ wọn, epo ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wa ni a ń kán sí wọn, ẹ̀kán kan péré, bàbá wa á sì máa ṣọ́ ọwọ́ wa. Inú agolo mílíìkì ni nọ́ọ̀tì ń gbé. Ọjọ́ tí ọ̀kan sọnù, a kúnlẹ̀, a nawọ́ sókè títí apá fi ń ro wá, àfi ìgbà tí bàbá wa rí i nínú ẹsẹ̀ ṣòkòtò àwọn fúnra wọn. Wọn ò tọrọ àforíjì o. Ọsàn mẹ́rin ni wọ́n bó fún wa.

Òfin wọn kò pọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá kó lọ sùn; bí ọ̀kan nínú wa ò bá sì sí níbẹ̀, a ò ní ṣí ẹ̀rọ. "Irin kì í sá lọ," wọ́n á ní. Nígbà tí èéyi mú mi, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni iṣẹ́ fi dúró. Táyé ò ráhùn.

Ní Sátidé kan, ohun gbogbo pé tán àfi àpótí kékeré tó ń fa iná fún un. Bàbá wa fẹ́ wọ mọ́tò àárọ̀ lọ Ìbàdàn lọ mú un bọ̀. Wọ́n ní tí àwọn bá ti dé lọ́sàn-án, àwa méjèèjì la ó jọ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé náà mọ́, mo fọwọ́ kan Táyé kí n jí i, ara rẹ̀ gbóná janjan. Ó ní, "Kẹ́hìndé, òtútù ń mú mi." Ẹ dákun, ẹ má tíì bínú sí mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe Táyé. Kọ̀ǹpútà ni. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ara rẹ̀ kò dá, a ó tún dúró ni.

Ìyá wa ní àṣà kan nígbà òjò. Láàárọ̀, wọ́n á pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan síbi ìdáná, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí wa bóyá ibà ti dé. Igi tútù ni wọ́n fi ń dáná lọ́jọ́ náà, èéfín kún gbogbo ibẹ̀, ojú wọn ń ṣomi. Wọ́n pe Táyé. Èmi ni mo lọ. Wọ́n fọwọ́ kàn mí láì yíjú, wọ́n ní, "Ó tutù, ọpẹ́ ni." Mo jáde, mo dúró díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n pe Kẹ́hìndé. Mo tún wọlé. Iwájú orí kan náà ni wọ́n fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá wa pe Táyé kó bá àwọn gbé báàgì dé ẹ̀bá títì. Mo ní kó lọ, kó má sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ. Nígbà tó dé, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo kó aṣọ méjì bò ó. Ìyá wa ti lọ ká ọsàn lóko. Mo nu ọpọlọ tèmi, mo nu tiẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnìkan tí kò sí nílé sọ̀rọ̀, mo sì rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín o! Kò sí ọjọ́ tí mi ò rántí ẹ̀rín yẹn.

Kí ìyá wa tó dé, gìrì ti mú un. Wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n sáré jáde láì wọ bàtà, wọ́n ní kí n dúró de bàbá mi. Ọlọ́kadà kan gbé wọn, wọ́n forí lé Ọ̀yọ́. Wọn ò tíì kọjá Ìlorà tí Táyé fi kú lẹ́yìn wọn. Bàbá wa wọlé lọ́sàn-án pẹ̀lú àpótí náà lábíyá, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn, wọ́n ní, "Èkejì rẹ dà?" 

Ẹ mọ̀ pé wọn kì í sọ fún èjìrẹ́ pé èkejì rẹ̀ kú. Wọ́n ní Táyé rìnrìn àjò. Àwọn tíṣà wa sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará ìjọ sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Bàbá wa ni kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà wọn ò wo ojú mi mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ wọn dé, abọ́ ni wọ́n ń wò. Mo gbà pé wọ́n ti mọ ohun tí mo ṣe, pé wọ́n kàn ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n á bi mí ni. 

Ìyá tó bí ìyá wa wá láti Ìlorà. Wọ́n ní ó di dandan kí wọ́n gbẹ́ ère Táyé, kí àyè rẹ̀ má bàa ṣófo, kí èmi náà má bàa tẹ̀ lé e. Bàbá wa ní rárá. Onígbàgbọ́ ni àwọn, igi kankan ò ní jókòó nílé àwọn kí wọ́n máa bọ́ ọ lóúnjẹ. Ìyá wa ò gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ẹkún ni tiwọn. Ìyá Ìlorà ò sì padà lọ. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n ń sùn, tí wọ́n á di ẹsẹ̀ mi mú.

Bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá wa ṣí aṣọ lórí ẹ̀rọ. Wọ́n yọ ọpọlọ Táyé, nítorí wọn ò lè fara da kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí ẹni tó ni ín. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí aṣọ wọn. Wọ́n ní ọpọlọ kan ti tó fún kọ̀ǹpútà. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Kò jí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi ń tú u, tí wọ́n ń tò ó padà, ojú rẹ̀ tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Wọn ò pè mí. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń wò wọ́n. Níkẹyìn wọ́n gbé e lọ bá ẹnìkan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìbàdàn. Ẹni yẹn ní ẹ̀rọ ò bàjẹ́ rárá, pé irú rẹ̀ kì í jí bí ihò kejì bá ṣófo ni. Ó fún wọn ní pátákó pẹlẹbẹ kan tí kò ní ọpọlọ nínú, tí kò lè ṣe iṣẹ́ kankan, ó ní kí wọ́n fi dí àyè èyí tí wọ́n yọ.

Ìyá Ìlorà wà nílé lọ́jọ́ tí bàbá wa fẹ́ ki pátákó náà bọ ihò rẹ̀. Ìyá bi mí pé kí nìyẹn, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Tí wọn ò bá fi nǹkan dí àyè èyí tí kò sí, èyí tó kù ò ní jí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Wọ́n yíjú sí bàbá wa. "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín wí?"

Bàbá wa ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Irin lèyí, Ìyá."

"Ṣé kì í ṣe igi ni èmi náà ní kí ẹ gbẹ́?"

Ẹ̀rọ náà jí. Ojú rẹ̀ tàn, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọpọlọ kan ni òun rí. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bàbá wa jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹkún wọn. Wọn ò gbẹ́ ère kankan, Ìyá Ìlorà ò sì mẹ́nu bà á mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá wa fi tẹ ìbéèrè ìdánwò lórí ẹ̀rọ yẹn. Èmi náà dàgbà, mo kọ́ṣẹ́, mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀yọ́ báyìí. Ìyá wa ti sùn nínú Olúwa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ibùsùn wọn, ẹnu mi ò gbà á láti sọ. Mo wá pinnu pé bàbá ò ní lọ bẹ́ẹ̀.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ bá wọn ní Fìdítì. Wọ́n jókòó sínú oòrùn àárọ̀, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ tán pátá: èéfín, iwájú orí mi lẹ́ẹ̀mejì, báàgì, ẹ̀rín.  Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá orí mi títí wọ́n fi bà á.

"Mo mọ̀ pé ara rẹ̀ gbóná," wọ́n ní. "Mo gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́bàá títì, ọwọ́ rẹ̀ ń jó mi. Mo ní kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Mọ́tò dé, mo sì wọ̀ ọ́. Tí mo bá ti wo ojú rẹ, òun ni mò ń rí tó ń juwọ́ sí mi."

Táyé ò sọ fún ìyá wa. Èmi ẹ̀gbọ́n ni mo ti ní kó má sọ. Bí bàbá mi ti gbé tiwọn nìyẹn, tí mo gbé tèmi, nínú ilé kan náà. Ti ìyá wa ló burú jù. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi kú, wọn ò gba ọwọ́ ara wọn gbọ́ mọ́. Bí ara ọmọ kan bá gbóná, wọ́n á ní kí ẹlòmíì bá àwọn fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ wọn ò purọ́ fún wọn rí. Èmi ni mo purọ́.

Nígbà tiwa, ọmọ tó bá dákẹ́ ni wọ́n ń pè ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Àgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá dùn wọ́n dé egungun, wọ́n á gbé e mì. Lóde òní, fóònù tí ọmọbìnrin mi fi ń ṣeré ní ọpọlọ mẹ́jọ nínú, kò sì sẹ́ni tó fi rọ́bà nu ìkankan rí. Ẹnu ọmọ yẹn kì í dúró. Bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní mo ti bà á jẹ́, pé mi ò kọ́ ọ nílé, mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú. Tó bá tún ké, màá fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀, màá sáré lọ gbọ́.