Aṣọ Ojú Gíláàsì Òjìjí

Ọjọ́ kẹwàá rèé tí òjìjí, ẹja ìyàwó mi, kò jẹun. Bí mo bá jókòó, ara mi ò gbà á. Màá tún dìde lọ wo àpótí gíláàsì rẹ̀. Ekòló tí mo jù sómi lánàá ṣì wà nílẹ̀, ó ti funfun. Ẹja náà sá wọnú àfọ́kù ìkòkò, ìrù rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ráfátù ìyàwó mi ti kú. Ẹja yìí nìkan ló kù lọ́dọ̀ mi nínú ohun ẹlẹ́mìí tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú. Bí òun náà bá kú sí mi lọ́wọ́ ńkọ́?

Kì í ṣe pé mi ò mọ iṣẹ́ o. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni mo ti ń mú ẹja láàyè nínú àwọn odò kéékèèké tó yí Akínyẹlé ká, tí mò ń gbé e fún àwọn tó fẹ́ máa sìn ín sílé nínú àpótí gíláàsì. Bàbá Làmídì ló kọ́ mi. Ìgèrè ni wọ́n ń lò, apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́nu tóóró tí ẹja máa ń wọ̀ tí kì í rọ́nà jáde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rí ẹja kan nínú rẹ̀, ó sanra, ó ń dán. Mo kì í mọ́lẹ̀. Ó gbọ̀n mí jìgìjìgì, mo fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀.

Bàbá Làmídì ò tiẹ̀ yíjú. "Ó ti kí ọ? Òjìjí nìyẹn. Iná wà lára rẹ̀. Igbá la fi ń gbé e."

Àwọn náà ló kọ́ mi pé kí n jẹ́ kí omi ẹ̀rọ sùn nínú korobá kí n tó kó ẹja sí i. Wọ́n tún ní, "Abẹ́ gbòǹgbò igi, níbi tó ṣókùnkùn, lo ti mú u. Bí o bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kò ní jẹun. Bò ó."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. Alàgbà Adéòtí, ará ìjọ Aládùúrà kan ní Mónìyà, ni kò gbà. Ojú fèrèsé pálọ̀ ni wọ́n gbé gíláàsì tiwọn sí.

"Alàgbà, ẹ fi aṣọ bò ó."

"Kí la wá rà á fún tí a ò ní rí i?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ẹja ò jẹun, wọ́n sì ti kiwọ́ bọ omi kí wọ́n lè fà á jáde fún àlejò wò. Orí àga la bá wọn, wọ́n fi ọwọ́ kan di ìkejì mú.

"Bàbá Múfú, ṣé ẹja lẹ tà fún mi ni àbí wáyà iná?"

Ráfátù, tó bá mi gbé korobá lọ, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó ta á bo gíláàsì. Nígbà tí a máa fi yọjú wò ó, ekòló inú omi ti tán.

"Èmi náà fẹ́ ọ̀kan," ló wí bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé. Mo mú un fún un. Ìborùn aláwọ̀ ewé kan ló fi bo tirẹ̀, ojoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Alásárì ló sì ń fún un lóúnjẹ.

Lọ́jọ́ kẹwàá tí mò ń wí yìí, Alàgbà wá kí mi kú ará fẹ́ra kù.

"Ẹ jókòó, Bàbá Múfú. Ẹ ò jẹ́ kẹ́sẹ̀ yín sinmi."

Mo sọ ti ẹja fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo gíláàsì, wọ́n wò ó dáadáa.

"Aṣọ rẹ̀ dà?"

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Múníràtù ọmọ wa kó gbogbo aṣọ ìyá rẹ̀ jáde, wọ́n pín in. Wọ́n ká ìborùn ojú gíláàsì mọ́ ọn. Ìṣojú mi ni. Èmi tí mo ti ń sọ "ẹ bò ó" láti ọjọ́ yìí!

Bùbá mi wà lórí ìkọ́, ó tó bò ó. Ṣùgbọ́n ìta ni mo gbà. Mo gun ọ̀kadà dé Mónìyà, mo wọkọ̀ lọ sí Olódò, lọ́dọ̀ Ṣìdíkátù àbúrò Ráfátù, òun ni ìborùn náà kàn. Ó fi kọ́ ìṣó lókè ibùsùn rẹ̀.

"Mi ò tíì fọ̀ ọ́," ló wí. "Òórùn ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lára rẹ̀."

Mo dìde. Mo tún jókòó.

"Bàbá Múfú, kí lẹ wá wá gan-an?"

Mo sọ fún un.

"Nítorí òjìjí? Èyí tí Àǹtí mi ní kí n má fọwọ́ kàn, tí mo lọ fọwọ́ kàn?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó já ìborùn náà lórí ìṣó, ó fi eyín gé etí rẹ̀, ó fà á ya sí méjì. "Tèmi nìyí. Ẹ mú tòjìjí lọ."

Bí mo ṣe délé, mo ju ekòló sómi, mo fi aṣọ náà bo gíláàsì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé etí aṣọ sókè díẹ̀. Kò sí ekòló kankan nílẹ̀. Mo yára dá aṣọ padà.

Mi ò rí èsì fún Alàgbà lọ́jọ́ tí wọ́n bi mí pé kí la wá ra ẹja fún tí a ò ní rí i. Ní báyìí, bí mo bá kírun Alásárì tán, màá ju ekòló sómi, màá jókòó ti aṣọ náà. Ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń fẹ́ dìde. Mi ò rí ẹja náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.