Ohun Tí Mo Fi Sẹ́nu Ọmọ Mi

Mo rántí ọdún tí àkọ́bí mi bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, nítorí pé n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Mowo ni ó wò mí lójú, tó ní, "Osìn." Mo fún un ní búrẹ́dì, ó jù ú nù. Mo fún un ní bọ́ọ̀lù, ó fi igbe ta. Ìgbà tí obìnrin tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé ló bu omi fún un, ọmọ náà sì gbé e mu kanlẹ̀. Èdè Ègùn ni ọmọ mi ń sọ. Omi ló ń tọrọ lọ́wọ́ èmi ìyá rẹ̀, àjèjì ló sì wá ṣe ògbufọ̀ fún wa. Àjèjì ni mo pè é o, èmi tí mo ti Èkìtì wá jókòó sórí ilẹ̀ baba rẹ̀.

Ìyá Alágbọn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí òróró àgbọn ló ń sè tà. Nígbà tí ìsinmi ìbímọ mi parí, ọmọ náà jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta, n kò sì ní ìyá tàbí àbúrò kankan nítòsí. Òun ló ní kí n máa gbé e wá. Yóò pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, yóò máa rin àgbọn, yóò máa kọrin Ègùn sí i létí. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ara ọmọ mi á ti máa dán fún òróró. Ó yẹ kí n máa dúpẹ́, ṣùgbọ́n owú ló ń jẹ mí. Bí mo bá na ọwọ́ láti gbà á, ìró obìnrin náà ni yóò dì mú.

N kò bá a jà rí. Olùkọ́ ni mí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ọ̀kan náà ni gbogbo ènìyàn. Ohun tí mo ṣe kéré ju ìjà lọ. Bí ọmọ náà bá da ẹ̀bà sílẹ̀, mo máa ń ní, "Ṣé Ègùn ni ọ́ ni?" Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín. Bí ó bá sọ "o" sí àgbàlagbà dípò "ẹ", bí Ìyá Alágbọn ṣe máa ń sọ ọ́ nínú Yorùbá tirẹ̀, mo máa ń ní ìwà Ègùn nìyẹn. Èmi náà kọ́ nìyẹn, ọmọ Èkìtì tí àwọn ará Ọ̀yọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì pé àwa kì í mọ "ẹ" í pe àgbà! Ohùn díẹ̀ ló wà láàárín Ègùn àti ègún, nígbà tó sì yá, n kò mọ èyí tó ń ti ẹnu mi jáde mọ́. Ọmọ náà máa ń bá wa rẹ́rìn-ín. Kò tíì mọ ẹni tí à ń bá wí.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí Ìyá Alágbọn lọ sìnkú ẹbí rẹ̀ kan ní Ikoga, tó lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Ojoojúmọ́ ni ọmọ ń bèèrè rẹ̀. Ó sú mi, mo ní ó ti lọ bá àwọn Ègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń rò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ tí obìnrin náà dé, ilé wa ló kọ́kọ́ yà, ó mú àgbọn dídín lọ́wọ́ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ mi fà sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ bo imú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí. Ègùn ni yín."

Ó fi "ẹ" sí i. Ẹ̀kọ́ mi ti wọ̀ ọ́ lára.

Mo gbá a létí. Mo ń pariwo pé níbo ló ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo yíjú sí obìnrin náà, mo ní kó má bínú, pé àwọn ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó, má na ọmọ. Oṣù mẹ́ta ló wà tí o gbé e fún mi. Mo wẹ̀ ẹ́, mo wò ó látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí lára ẹ̀."

Ó gbé àgbọn dídín náà sórí àga, ó lọ. Kò bá wa yan odì. Ó ń kí wa láràárọ̀. Ṣùgbọ́n kò na ọwọ́ sí ọmọ náà mọ́ láéláé, kí ọdún sì tó yípo, ọmọ mi kò gbọ́ Ègùn mọ́. Títí a fi kó kúrò ládùúgbò náà, n kò lọ tọrọ àforíjì. Ojú ló ń tì mí, àyè ni mo sì ń sọ pé n kò rí.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ náà ti di géńdé báyìí, ó ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù jáde ní ibodè Sẹmẹ. Láìpẹ́ yìí, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó ní pálọ̀ mi, wọ́n ń sọ nípa ẹnì kan nínú wọn tó wà lókè òkun, tí ọmọ òyìnbó kékeré kan kọ̀ láti bọ̀ lọ́wọ́ nítorí àwọ̀ dúdú rẹ̀. Inú bí gbogbo wọn. Ọ̀kan ní òbí ọmọ náà ló kọ́ ọ. Ọmọ mi mi orí. Ó ní irọ́ ni, pé ohun àbímọ́ni ni. Ó ní òun alára, láti kékeré ni ara òun ti kọ Ègùn, kò sì sí ẹni tó kọ́ òun. Kò rántí pé ẹnì kan pọn òun rí.

Ó wá yíjú sí mi. "Àbí, Mọ́mì? Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo ní ọbẹ̀ mi ń jó, mo dìde, mo wọ ilé ìdáná. N kò gbé ọbẹ̀ kankan kaná lọ́jọ́ náà.