Látífà Ọmọ Nuzlah àti Ìkúnlẹ̀ Tó Fẹ́ Gba Maíìkì Lọ́wọ́ Rẹ̀

Bí irọ́ ẹyọ kan bá wọ inú ìtàn yìí, kí gbogbo omi Samusamu tí mo ti mu láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n má ṣe mí lóore kankan. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Etí mi ló gbọ́ ọ, etí mi kì í sì í purọ́ fún mi.

Nuzlah, níhà gúúsù Jẹ́ddà, ni wọ́n bí Látífà sí. Fadl, bàbá rẹ̀, ń ru ẹrù àwọn arìnrìn-àjò Hájì ní pápákọ̀ òfurufú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ìyá bàbá rẹ̀, Àlàájà Raheemat, ló sì tọ́ ọ. Ọmọ náà ga. Ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti ń tẹ orí ba kó tó lè wọ yàrá wọn.

Bí ìyá àgbà bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Lárúbáwá ni yóò fi dáhùn. Lárúbáwá ìdí àtẹ nìkan ni Àlàájà gbọ́, síbẹ̀ èyí ò bí i nínú. Ohun tó ń bí i nínú ni kí ọmọ kí i lóòró. A máa ní ẹni tó bá kí òun lóòró, ìjà ló wá bá òun jà. Nítorí náà, àràárọ̀ ni Látífà ń kúnlẹ̀, tí ìyá á gbọ́wọ́ lé e lórí, tí á ṣàdúrà fún un kó tó gbé báàgì ìwé rẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin tó ń lọ, ẹgbẹ́ pọ̀: ti àwọn tó ń ránṣọ, ti àwọn ayàwòrán, ti àwọn tó ń há Kùránì sórí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wu Látífà, ìyẹn ẹgbẹ́ Ìdáà, àwọn ọmọ tó ń di maíìkì mú ní asẹ́ḿbílì àárọ̀, tí wọ́n ń ka hàdíìsì, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àti ìròyìn kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ló fi ń bá wọn gbé wáyà kiri kí wọ́n tó jẹ́ kó sọ sáláámà lásán sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ka ìròyìn, wọ́n ní ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbàgbé tíì sọ́wọ́ títí ó fi tutù. Èmi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ irú tíì bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ náà ni Àbílà Sabah. Àbílà ni wọ́n ń pe olùkọ́ obìnrin níbẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò gba gbẹ̀rẹ́. Lọ́jọ́ kan ó na ìwé sí Látífà, orúnkún ọmọ náà sì ti kanlẹ̀ kó tó rántí ibi tó wà. Àbílà fà á dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ó ní Ọlọ́run nìkan là ń kúnlẹ̀ fún, àti pé bí òun bá tún rí i, ẹlòmíì ni yóò máa di maíìkì mú. Láti ọjọ́ náà ni Látífà ti ń ṣọ́ orúnkún rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ aládùúgbò.

Ní ọdún 2014, ilé ẹ̀kọ́ pe àwọn ìyá kí wọ́n wá wo iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni Àbílà máa mú ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé ẹ̀kọ́ níbi ìdíje kan ní Mẹ́kà. Látífà rọ ìyá àgbà pé oòrùn ti mú jù, kí wọ́n jókòó sílé. Àlàájà ní ẹsẹ̀ tó yí Káábà po lẹ́ẹ̀meje ò ní ṣàìdé ìdí maíìkì. Èmi ni mo gbé e lọ, òun àti àwọn Àlàájà mẹ́fà mìíràn, nínú ọkọ̀ tó ń gba èèyàn mẹ́rin. Lọ́wọ́ awakọ̀ mìíràn, ọkọ̀ náà ì bá ti kú sọ́nà.

Wọn kì í jẹ́ kí ọkùnrin wọlé síbẹ̀, mo bá jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ògiri ga, ṣùgbọ́n lásípíkà wà nínú ọgbà. Èmi tí n kò jókòó ní kíláàsì rí, tí mo fi àkọlé ara páálí dàbínù kọ́ Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ kan ò bọ́ létí mi. Ohun tí ojú rí, Àlàájà ló rò ó fún mi nígbà tí à ń darí bọ̀.

Látífà ka ìwé ọwọ́ rẹ̀ sínú maíìkì débi pé àwọn atukọ̀ ojú omi Jẹ́ddà pa ẹ́ńjìnì wọn láti gbọ́ ọ. Bó ṣe kà á tán, Àlàájà Raheemat dìde láàárín àwọn ìyá, ó lọ bá a níwájú. Àwọn Àlàájà Nuzlah tí mo gbé wá ń wò ó bóyá ọmọ náà ti di Lárúbáwá; ẹgbẹ́ Ìdáà ń wo orúnkún rẹ̀. Látífà wo Àbílà, ó wo ìyá àgbà. Ó kúnlẹ̀.

Kamilah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ló di maíìkì mú. Kò rántí pa á.

Àbílà ní, "Látífà, dìde. Kí ni mo sọ fún ọ?"

"Kí ló wí?" Àlàájà ló bi ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà lè purọ́, ta ló máa mọ̀? Àmọ́ ó dáhùn, Yorùbá ló sì fi dáhùn: "Wọ́n ní Ọlọ́run nìkan là ń kúnlẹ̀ fún, Màmá. Wọ́n á gba maíìkì lọ́wọ́ mi."

"Sọ fún un pé ta ni mo jẹ́ tí wọ́n á fi mí wé Ọlọ́run? Arúgbó onílàkúrègbé ni mí. Mo kúrú, ìwọ ga bí òpó iná. Bí o ò bá kúnlẹ̀, báwo lọwọ́ mi á ṣe dé orí rẹ tí màá fi ṣàdúrà fún ọ?"

Látífà gbé e lọ sí Lárúbáwá, ẹyọ kan ò jábọ́. Làkúrègbé pàápàá wà níbẹ̀.

Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀lé e ni ìró àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Àbílà fúnra rẹ̀ ló ń wọ́ ọ bọ̀. Ó ní kí ọmọ dìde, kí Màmá gun àga. Wọ́n di Àlàájà mú lọ́tùn-ún lósì, ó gùn ún, ó gbọ́wọ́ lé Látífà lórí lóòró, ó sì ṣe àdúrà tó gùn ju ìrìn Jẹ́ddà sí Mẹ́kà lọ. Ni ẹgbẹ́ Ìdáà bá tò sẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba tiẹ̀, Látífà ń túmọ̀ ọ́ sínú maíìkì. Àbílà Sabah ló tò kẹ́yìn.

Nígbà tí Àlàájà ṣàdúrà tirẹ̀ tán, Àbílà ní, "Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè gba maíìkì lọ́wọ́ òun, tó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ mi láì bù ú kù, òun ló ń lọ sí Mẹ́kà."

Ó sì lọ. Ipò kejì ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Èmi tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ̀ pé akọ̀wé ló ṣe àṣìṣe.

Ẹni tó bá rò pé mo fi iyọ̀ sí i, Kamilah ń bẹ láàyè. Ó ti lọ́kọ, Tandabawi ní Mẹ́kà ló ń gbé báyìí. Kí wọ́n lọ bi í.